Wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n pààrọ̀ kàbúrétọ̀, ọkọ̀ ò yéé kú: Ohun tójú tọkọtaya Yorùbá rí lọ́nà òkè Scotland

Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè rí, tó mọ bí mọ́tò ṣe máa ń ṣẹ́ kọ́nà lórí òkè yẹn tí àyà èrò á máa já, kó rò ó pé wọ́n fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wá da kùrukùru àti òjò wínniwínni lé e lórí. Bí Bealach na Bà ṣe rí gan-an nìyẹn, ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá ilẹ̀ Scotland. Èdè Gaelic, èdè ìbílẹ̀ àwọn ará òkè ibẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ohun tó sì túmọ̀ sí kò ju ọ̀nà tí wọ́n ń da màlúù gbà lórí òkè lọ. Etí omi òkun ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dẹ́kun gígùn àfi tó bá ga dé mítà 626. Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ń pè ní Tornapress, wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà má gùn ún, kí ọkọ̀ tó tóbi jù àti èyí tó bá so ilé alágbèéká mọ́dìí sì wá ibòmíì gbà.

Òkè yìí wà lára ọ̀nà gígùn kan tí wọ́n fún lórúkọ North Coast 500 lọ́dún 2015. Máìlì 516 ni. Ìlú Inverness ló ti bẹ̀rẹ̀, á gba ìwọ̀-oòrùn, á yí orí ilẹ̀ Scotland ká, á já sí John o' Groats, á tún padà sí Inverness. Látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ làwọn onífàájì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ọkọ̀ kámpà ni wọ́n ń gbé lọ, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń dáná nínú ẹ̀, tí wọ́n tún ń sùn nínú ẹ̀. Inú àwọn ará abúlé ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i. Wọ́n ní ọkọ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n ní àwọn àlejò ń páàkì síbi tí wọ́n fẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ méjì fi lè yà fúnra wọn, àwọn mìíì sì ń da ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ inú ọkọ̀ wọn sínú igbó. Ẹ ò rí i pé kò síbi tí wọn kì í tí í rí oníwàkiwà!

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni tọkọtaya Yorùbá kan tó ń gbé ní Peckham, ní London, gbéra lọ síbẹ̀. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ìyàwó. Ẹni ọdún 64 ni baba, bọ́ọ̀sì ló wà ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ni ìyá, òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un ní líìfù. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le, torí gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi dúró sójú kan, inú líìfù Ìyá Ìbejì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó ti búra kí wọ́n tó kúrò nílé pé tí ọkọ̀ náà bá fi lè já òun kulẹ̀ nírìn-àjò yìí, títà ni wọ́n máa tà á, kódà kó jẹ́ fún ẹni tó ń ra irin àlòkù. Baba sì rèé, ọkọ̀ yìí ló fi ń ro gbogbo ọjọ́ ogbó ẹ̀.

Ọkọ̀ wo gan-an? Ọkọ̀ tí gbogbo ará Èkó mọ̀ ni. Volkswagen ọdún 1973, olórí róbótó, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà nídìí, tí kò lo omi rárá, afẹ́fẹ́ ló fi ń tu ara ẹ̀ nínú. Ẹni tó bá wọ danfo ní Ojúẹlẹ́gbà láyé ọjọ́un ti jókòó nínú mọ̀lẹ́bí ẹ̀ rí. Ọmọ ilẹ̀ Holland kan, Ben Pon, ló fi pẹ́ńsù ya irú ọkọ̀ yìí sínú ìwé lọ́dún 1947, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì lọ́dún 1950. Kò pẹ́ sígbà náà tí iléeṣẹ́ Westfalia fi ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú ẹ̀ fáwọn tó fẹ́ràn ìgbafẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn bíi Devon àti Dormobile náà ń ṣe tiwọn. Irú tọdún 1973 yìí, wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1979, àmọ́ àwọn ará Brazil ò fi í sílẹ̀ títí di ìparí ọdún 2013. Bẹ́ẹ̀, ohun táwọn òyìnbó fi ń gbafẹ́ yìí náà làwọn ará Èkó kó bẹ́ńṣì sí, tí kọ́ńdọ̀ ń so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀.

Bàbá Ìbejì ò dédé fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ o. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n ti ń gba pọ́n-ùn 12 àti àbọ̀ lójúmọ́, káàkiri gbogbo ìlú London, lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ bá ju bí ìjọba ṣe fẹ́ lọ. Àmọ́ ọkọ̀ tó bá ti lé lógójì ọdún, tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ayé àtijọ́, kò ní í san kọ́bọ̀. Kò ní í san owó ojú pópó, àti pé láti ọdún 2018, kò pọn dandan kó máa lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́. Ọ̀fẹ́ yìí náà ní ewu tiẹ̀ nínú, torí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò, olówó ẹ̀ nìkan ló kù tó máa mọ̀ bóyá ó yè tàbí kò yè.

Ìgbà tí òtútù ọdún 2023 ń wọlé bọ̀ ni àìsàn ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣáná sí i láàárọ̀, á gbà lẹ́ẹ̀kan náà, á máa lọ wẹ́rẹ́. Tó bá ti rìn tó ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, agbára á tán lára ẹ̀, tí wọ́n bá sì débi iná tó ń darí ọkọ̀ tí baba gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì, ó parí, ó kú nìyẹn. Wọ́n á ṣáná títí, kò ní í gbà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu tíì, tó bá di ìṣẹ́jú 10 wọ́n á tún ṣáná, á gbà bíi pé kò sóhun tó ṣe é rí.

Bàbá Ìbejì kì í ṣe ọ̀pẹ̀ nídìí mọ́tò. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Mushin, àbúrò bàbá ẹ̀ ní danfo, òun ló sì máa ń bá a mú sípánà lọ́wọ́. Torí náà kò pe mẹkáníìkì kankan. Ó ní pọ́ọ̀ǹpù epo ló ti rẹ̀, ó ra tuntun. Ọkọ̀ ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, inú ẹ̀ dùn, ọjọ́ kẹrin ó tún kú ní Camberwell. Ó ní á jẹ́ pé kọ́ìlì ni, torí kọ́ìlì tó ti gbó máa ń kọṣẹ́ tó bá gbóná, tó bá tutù tán á tún bẹ̀rẹ̀. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì, ó pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà àti kọ́ńtáàtì mọ́ ọn. Àwọn oṣù òtútù kọjá pẹ̀lú wàhálà díẹ̀ díẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, oòrùn ràn, ọkọ̀ ò kú mọ́, ló bá ń fọ́nnu kiri pé òun ti rí ìdí ẹ̀. Kùtù òwúrọ̀ Sátidé kan lóṣù Kẹsàn-án, tí kùrukùru bo gbogbo Peckham, ó tún kú. Ìyẹn ló mú kó ra odidi kàbúrétọ̀ tuntun tó ń dán yanran. Lápapọ̀, owó tó ti bá ọ̀rọ̀ náà lọ ti lé ní £400.

Ká sòótọ́, ta ni kò tíì ṣe irú ẹ̀? Láti ọgbà mẹkáníìkì Mushin títí dé ti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún oníbàárà náà ni pé "Ẹ lọ ra tuntun wá." Tí tuntun ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ní nǹkan mìíì ló kù. Oníbàárà á tún pọ́wọ́ bàpò. Kò sì sẹ́ni tó ń dá owó ti àkọ́kọ́ padà.

Bí wọ́n ṣe kúrò ní London nìyẹn, tí wọ́n ń dorí kọ àríwá. Ọkọ̀ ò yọ wọ́n lẹ́nu lọ́jọ́ kìíní, oòrùn mú. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n kọjá Perth, tí wọ́n ń gun òkè Drumochter lọ lójú ọ̀nà Inverness, òjò wínniwínni bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ húkọ́, ó kú. Ni Bàbá Ìbejì bá rántí ohun tí àbúrò bàbá ẹ̀ máa ń ṣe ní Èkó. Tí danfo bá kú lọ́sàn-án gangan nínú gósílóò, kọ́ńdọ̀ á ki àkísà bọ omi, á fi wé pọ́ọ̀ǹpù epo, torí ooru ti sọ epo di oru nínú páìpù, kò lè lọ mọ́. Ló bá ki tówẹ̀lì bọ omi tútù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi wé pọ́ọ̀ǹpù.

"Bàbá Ìbejì, èmi tí mo wọ kóòtù méjì, eyín mi ń gbá ara wọn, ẹ wá ń da omi tútù lé mọ́tò lórí?"

"Jẹ́ kí n ṣe é, Ìyá Ìbejì. O ò mọ̀ nípa ẹ̀."

Ìṣẹ́jú 10 pé, ọkọ̀ gbà. Baba ní ṣé ó ti rí i báyìí, tówẹ̀lì ló ṣe é. Ìyá Ìbejì ò bá a jiyàn. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa ń kọ iye epo tí wọ́n bá rà sí. Látìgbà tí ọkọ̀ ti ń kú ló ti ń kọ ìyẹn náà síbẹ̀, bó ṣe máa ń kọ ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ wo, aago mélòó, báwo lojú ọjọ́ ṣe rí, ìṣẹ́jú mélòó ló rìn kó tó kú, ìṣẹ́jú mélòó ló fi sinmi. Ó ti sọ fún ọkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé àrà kan wà nínú ohun tóun ń kọ, baba ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹ̀.

Wọ́n sun Inverness mọ́jú. Láàárọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Achnasheen lọ sápá ìwọ̀-oòrùn. Ibi tó rẹwà ni o, òkè lọ́tùn-ún, omi adágún lósì, àgbọ̀nrín ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà bí ewúrẹ́. Àmọ́ ta ló ráyè wò ó? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ kú kí wọ́n tó dé Lochcarron, abúlé gígùn kan tó nà sí etí omi, tí kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ Bealach na Bà. Ibẹ̀ ni àyà Bàbá Ìbejì fúnra ẹ̀ já. Kí ọkọ̀ kú lójú títì London, ẹ̀sín lásán ni. Kó kú nídàajì òkè tó fún, tí àwọn ọkọ̀ tò sẹ́yìn ẹ̀, tí àwọn mìíì ń sọ̀ bọ̀ níwájú, tí àfonífojì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Wọ́n júwe bàbá òyìnbó kan fún wọn lábúlé náà, ẹni tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tó ń tún katakata àwọn àgbẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan. Bàbá Ìbejì ní kó bá òun wo kàbúrétọ̀ tuntun tóun rà, ó ní ó dà bíi pé gbàjúẹ̀ ni wọ́n tà fóun. Bàbá náà nu ọwọ́ ẹ̀, ó jókòó sórí táyà. Kò mú sípánà, kò ṣí ìdí ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fóun bó ṣe ń kú.

Ọ̀rọ̀ náà yà wọ́n lẹ́nu. Ikú kì í ha í ṣe ikú ni? Bàbá ní rárá. Ó ní tó bá jẹ́ iná ló dá, ẹ́ńjìnnì máa kú lẹ́ẹ̀kan náà, gbì, láìkọ́. Ní tàwa, bí ìgbà tí NEPA bá múná lọ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ epo ni kò tó mọ́, tàbí afẹ́fẹ́ ni kò rọ́nà wọlé, bí ẹni tí èémí ń tán lára ẹ̀ ló máa ṣe, á kọ́, á mí gúlegúle, kó tó dákẹ́. Bàbá Ìbejì ní bí ẹni tí èémí ń tán lára ẹ̀ ni. Bàbá ní ó dáa, ó jọ pé kọ́ìlì ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn, pọ́n-ùn tí wọ́n fi rà á ti lọ lásán. Ó tún béèrè pé tó bá ti kú, tó tún gbà, ṣé agbára ẹ̀ máa ń pé? Wọ́n ní ó máa ń pé pérépéré. Ó ní á jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ò láìsàn, torí ẹ́ńjìnnì tí fáàfù tàbí píísítìnì ẹ̀ ti jẹ ò ní í fi ìṣẹ́jú 10 wo ara ẹ̀ sàn. Lẹ́yìn náà ló béèrè bójú ọjọ́ ṣe máa ń rí.

Ìyá Ìbejì ò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ìwé ẹ̀ sí i.

Bàbá wọ díńgí ojú ẹ̀, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà 11 ni ọkọ̀ ti kú nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá náà ló jẹ́ ìgbà tí òtútù díẹ̀ wà, tí kùrukùru tàbí òjò wínniwínni wà nílẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú oòrùn. Ó bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́, wọ́n tọ́ka sí Ìyá Ìbejì, ló bá ṣí fìlà ẹ̀ fún un. Ó ní òun ti mọ ohun tóun ń fura sí, àmọ́ òun ò ní í tú nǹkan kan láìtíì fojú ara òun rí i, kí wọ́n padà wá laago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Láago méje ọjọ́ kejì, kùrukùru bo ojú omi Loch Carron, kò sí ju dígírì 7 lọ. Bàbá ti ọwọ́ bọ pọ́lọ́ọ̀gì kan àti tọ́ọ̀ṣì sápò, ó wọnú ọkọ̀, wọ́n ń lọ. Ó di ìṣẹ́jú 18, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí bàbá arúgbó yẹn ṣe fò bọ́ọ́lẹ̀, ẹ ẹ́ rò pé ọmọ ogún ọdún ni. Ó ní kí wọ́n yára, torí olè tí àwọn fẹ́ mú máa ń pòórá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ó fa wáyà kan yọ lórí ẹ́ńjìnnì, ó ki pọ́lọ́ọ̀gì tó mú lọ́wọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé e lé irin, ó ní kí wọ́n ṣáná. Iná ta ṣàṣà, ó dúdú bí aró. Iná wà. Ó ṣí fílítà kékeré tó wà lórí kàbúrétọ̀, ó ní kí Bàbá Ìbejì fa okùn tọ́rótù, epo tú jáde fíìn nínú ọ̀fun kàbúrétọ̀. Epo wà. Pọ́ọ̀ǹpù náà ti jàre nìyẹn. Ló bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀fun náà, ó ní káwọn méjèèjì wá wò ó.

Yìnyín ni. Yìnyín funfun, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ara awẹ́ irin tó máa ń ṣí tó ń pa dé nínú kàbúrétọ̀, kò ku ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Kódà ìta kàbúrétọ̀ àti páìpù tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ti hu nǹkan funfun bí iyọ̀. Ìyá Ìbejì fọwọ́ kàn án, ó fà á padà. Ó ń tutù bí inú fìríìsà, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbóná débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ gbé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ooru ẹ́ńjìnnì ti gùnkè, yìnyín ti yọ́, kò ku nǹkan kan tí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí. Ọkọ̀ gbà.

Bàbá Ìbejì ò gbà á gbọ́ tán. Ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ yé. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, á fi sípíríìtì nu ibẹ̀, ibẹ̀ á sì tutù nini, torí bí sípíríìtì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru ara lọ. Ohun tó ń mú omi inú àmù tutù nílé àwọn ìyá wa náà nìyẹn: ara ìkòkò ń làágùn, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, omi inú ẹ̀ ń tutù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni epo bẹntiróòlù ṣe ń di oru nínú ọ̀fun kàbúrétọ̀, tó ń kó ooru ibẹ̀ lọ, ó sì lè mú kí ibẹ̀ fi dígírì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tutù ju ìta lọ. Lọ́jọ́ tí ìta bá wà ní dígírì 7, tí afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin, ọ̀rinrin yẹn á di yìnyín níbẹ̀. Tí òtútù bá mú gan-an, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí kò gbóná tí kò sì tutù jù, tí kùrukùru wà, ni àkókò ẹ̀. Ní Èkó ńkọ́? Ẹ yọ dígírì 20 nínú 30, ó ku 10. Ó ṣòro kí yìnyín tó dá síbẹ̀. Àbúrò bàbá Bàbá Ìbejì lè tún danfo ṣe fún 100 ọdún kó má rí i.

Àwọn ará Jámánì tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi dí i. Fílítà ńlá tí wọ́n bá ọkọ̀ náà wá ní rọ́bà gbọọrọ kan tó ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Páìpù tín-ínrín kan sì tún wà nísàlẹ̀ kàbúrétọ̀, èyí tí èéfín gbígbóná láti sàlẹ́ńsà ń gbà kọjá kí ibẹ̀ lè máa móoru. Fílítà ńlá ńkọ́? Baba ti yọ ọ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó fi kékeré kan tó ń dán bíi fàdákà rọ́pò ẹ̀, torí fáàrí, ó wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì ní Peckham. Páìpù tín-ínrín ńkọ́? Bàbá òyìnbó ní kí Bàbá Ìbejì fọwọ́ kàn án bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Orí ẹ̀ kan gbóná, àárín àti orí kejì tutù. Èédú àádọ́ta ọdún ti dí i pa.

Ìyẹn ló sì fà á tí pọ́ọ̀ǹpù tuntun fi "ṣiṣẹ́" fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta tí òjò ò rọ̀ ni. Kọ́ìlì tó "wo" ọkọ̀ sàn, oòrùn ló bá a ṣe é. Ti tówẹ̀lì tútù, Ìyá Ìbejì ló sọ ọ́, ó ní ẹni tí òtútù ń pa ni wọ́n tún lọ wẹ̀ lómi yìnyín. Bàbá òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú ẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Bàbá tú páìpù náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó gbé e lọ síta, síbi tó jìnnà sí epo, ó fi iná wẹ́dà yan án títí ó fi pọ́n, ó wá mú okùn kílọ́ọ̀ṣì àlòkù, ó so ó mọ́ díríìlì, ó fi ń ro inú ẹ̀ láti ẹnu méjèèjì. Èédú tó jáde kún ife tíì kan. Nítorí pé fílítà ńlá wà ní London, ó gé agolo bisikíìtì, ó fi ṣe ìbòrí fún kékeré yẹn, ó fa páìpù rírọ̀ kan tí wọ́n fi bébà irin ṣe láti ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà wá sínú ẹ̀. Kò dùn ún wò rárá. Owó iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ £120, pààtì kankan ò sí nínú ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló pààrọ̀, kò sì béèrè kó tó ṣe é: àwọn rọ́bà tí epo ń gbà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọtí ẹtanọ́ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá nínú, ọtí yẹn sì máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Lára irú Volkswagen yìí, tí ẹ́ńjìnnì àti epo jọ wà nídìí, rọ́bà tó bá là lè sun ọkọ̀ di eérú. Bàbá ní ìyẹn kọ́ lohun tí èèyàn ń dúró kó kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ti kàbúrétọ̀ tuntun, ó ní kí Bàbá Ìbejì má sọ ti àtijọ́ nù nílé, torí òun ò rò pé tuntun yìí dáa tó o. Baba dákẹ́, ojú tì í díẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gun Bealach na Bà. Aago mẹ́jọ àárọ̀, òjò wínniwínni, irú ojú ọjọ́ tó máa ń pa ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́. Wọ́n kọjá pátákó Tornapress, Ìyá Ìbejì ń ka ìṣẹ́jú lójú aago ẹ̀. Jíà kejì ni wọ́n fi lọ títí, nígbà tó kan àwọn kọ́nà tó ká bí ejò lókè, wọ́n wálẹ̀ sí jíà kìíní. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n yà dúró fún àwọn tó ń bọ̀ lókè, ẹ́ńjìnnì ń lọ tọ-tọ-tọ bí danfo tó ń dúró de èrò. Ìṣẹ́jú 20 kọjá. Ìṣẹ́jú 30. Lókè téńté, kùrukùru ṣí díẹ̀, wọ́n rí òkun, wọ́n rí erékùṣù Raasay, wọ́n rí àwọn òkè dúdú Skye lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n fi jíà fà á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ kí bíréèkì má baà gbóná jù, títí wọ́n fi dé Applecross, abúlé tí wọ́n kọ́ sí etí òkun, níbi tí Máel Ruba, ajíhìnrere láti Ireland, ti dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ lọ́dún 673. Ẹja àti ọ̀dùnkún díndín ni wọ́n jẹ níbẹ̀, Ìyá Ìbejì ló sanwó.

Wọ́n gba Shieldaig, wọ́n gba Torridon, wọ́n gba Ullapool. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Durness, lókè pátápátá, ọjọ́ mẹ́rin ló ku nínú líìfù, ọkọ̀ ò tíì kú lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ti rí ẹnì kan tó ní irú ọkọ̀ tiẹ̀, tó fún un ní fílítà ńlá àlòkù kan ní £15, tòun ti rọ́bà ẹ̀. Wọ́n yọ agolo bisikíìtì, wọ́n so ó mọ́ ọn. Fílítà kékeré tó ń dán bíi fàdákà yẹn, baba fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀: òun ló fi ń tẹ aṣọ tábìlì mọ́lẹ̀ níta, kí afẹ́fẹ́ òkun má baà gbé e lọ.